Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí ìtàn ṣe ń rí lára?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9 ni mo ń kọ́ ní ìwé kíkà. Tí mo bá bi wọ́n bí ìtàn ṣe rí lára wọn, "ó dùn" tàbí "kò dùn" náà ni. Àwọn tó gbìyànjú jù á sọ bó ṣe ń ṣe ẹni inú ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ìtàn lè máa rẹ́rìn-ín wọnú ilé tó ṣókùnkùn, kí ẹ̀rù sì máa ba àwa tí à ń kà á. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni kò yé wọn.

Kí wọ́n lè rí i pé ohun kan náà lè rí lára lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo kọ nípa òjò lọ́nà méjì fún wọn: ọ̀kan ń kán tó, tó, tó ní òru, èkejì dé, àwọn ọmọdé tú síta, wọ́n ń jó. Ọ̀kan nínú wọn ní òjò ṣáà ni òjò ń jẹ́! (Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.)

Ṣé kí n máa yí ohùn padà bí mo bá ń ka ìtàn sókè fún wọn? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ohùn mi ni wọn yóò máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹni tó bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?