Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò nínú ìwádìí físíìsì, iṣẹ́ abẹ eegun àti ìdókòwò agbára oòrùn ká tó gbà á gbọ́?

Atọ́pinpin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àbájáde ìwádìí, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi báyìí: ọ̀kan jẹ́ ti físíìsì, ọ̀kan jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ eegun, ìkẹta sì dá lórí ìdókòwò nínú iná mànàmáná tí wọ́n ń rí láti ara oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n wọn nǹkan kan ní àìmọye ìgbà. Nínú ìkejì, aláìsàn ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n ṣọ́. Nínú ìkẹta, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún sí i. Kí ló yẹ kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ́kọ́ wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á gbọ́?

Ìmọ́lẹ̀:
Ní ti físíìsì, ẹ kọ́kọ́ wo iye ẹgbẹ́ tó rí nǹkan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde Higgs boson, ègé tíntìntín kan tí àwọn onífísíìsì ti ń wá tipẹ́, ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ní Yúróòpù, lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, ẹgbẹ́ méjì, ATLAS àti CMS, ló rí i, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì lò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sigma márùn-ún ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ni èèṣì lásán lè gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n sigma kò lè bá yín mọ okùn tí kò wọlé dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ẹgbẹ́ OPERA sọ pé neutrino, ègé tíntìntín tó lè gba inú ilẹ̀ kọjá, tí wọ́n rán láti CERN lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, ìrìn nǹkan bí 730 kìlómítà, fi nǹkan bí 60 nanosecond (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá) ṣáájú ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ìbá dé. Ìṣirò wọn kọjá sigma márùn-ún. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n rí i pé okùn kan tó ń gbé àmì aago wá ni kò wọlé tán, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní Gran Sasso sì wọn neutrino kan náà, wọn kò rí i kó yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Yàrá ìwádìí kan ṣoṣo, bó ti wù kó lókìkí tó, ẹnìkan náà ni.

Dókítà Eegun:
Ọ̀rọ̀ yín dára, Ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ mẹ́wàá lè rí ohun kan náà kí gbogbo wọn sì ṣì í. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ tiwa ni pé: kí ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà wé? Bí aláìsàn púpọ̀ bá sọ pé ara tu àwọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí ìrora orúnkún a máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbàgbọ́ aláìsàn pé wọ́n ti tọ́jú òun náà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 2002, àwọn dókítà ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó bí ọ̀pọ̀ wa nínú. Aláìsàn 180 tí oríkèé orúnkún wọn ti jẹ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n fọ inú orúnkún fún àwọn kan, wọ́n ha á fún àwọn kan, àwọn tó kù ni wọ́n kàn gé awọ ara fún, wọ́n sì rán an padà láìfọwọ́ kan inú rẹ̀. Aláìsàn kankan kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gidi fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n gé awọ fún lásán lọ. Àwọn kan jiyàn pé ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni, pé ọkùnrin sì pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà, àríyànjiyàn yẹn kò sì burú. Nítorí náà ni mo ṣe ka ti Finland ti ọdún 2013 sí pàtàkì: ilé ìwòsàn márùn-ún, aláìsàn 146 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 65, tí meniscus wọn, ìyẹn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ní orúnkún, ti gbó tó sì ya. Lẹ́yìn ọdún kan, ìyàtọ̀ tó ní láárí kò sí láàárín iṣẹ́ abẹ gidi àti ti aṣebí. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ kan kọ ọ́ sínú jọ́nà ìṣègùn BMJ pé kí wọ́n má ṣe irú iṣẹ́ abẹ orúnkún yìí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí orúnkún wọn ti gbó. Ẹ ṣọ́ra níbí o: àwọn tí jàǹbá ya orúnkún wọn lójijì kò sí nínú ìwádìí Finland, ẹ má sì nà án dé ọ̀dọ̀ wọn.

Atọ́pinpin:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin Dókítà. Kí ló dé tí ẹ̀yin kì í fi béèrè fún sigma márùn-ún bíi ti àwọn onífísíìsì?

Dókítà Eegun:
A kò lè rí aláìsàn tó. CERN lè da proton, ègé inú átọ́ọ̀mù, lu proton fún ọdún púpọ̀. Èmi kò lè ṣẹ́ eegun ìbàdí ẹnikẹ́ni kí n lè kún iye. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ni ààlà tí a sábà ń lò, ó sì rọrùn púpọ̀ ju tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a ń wá sílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìwádìí HIP ATTACK ti ọdún 2020: aláìsàn 2,970 tí eegun ìbàdí wọn ṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè 17. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, fún àwọn tó kù láàárín nǹkan bíi wákàtí 24. Ikú, tó wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìwádìí náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 9 nínú ọgọ́rùn-ún sí 10. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe é fún kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tó àwọn yòókù, wọ́n sì tètè dìde rìn. Akọ̀ròyìn tó bá fi ìwọ̀nyí ṣe àkọlé láìmẹ́nu ba ikú ti yí ìwádìí náà sódì.

Olùṣírò:
Ẹ jẹ́ kí n mú ìkẹta. Nínú ìwádìí ìdókòwò, ojú ìwé tí wọ́n kọ iye èlé sí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, torí pé níbẹ̀ ni àbájáde sábà ń fara pamọ́ sí. Owó tí ẹni tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ oòrùn ń ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tún ra epo mọ́. Bí wọ́n bá yá mílíọ̀nù kan dọ́là láti san fún ọdún 25, ní èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 64,000 dọ́là ni wọn yóò máa san lọ́dọọdún. Ní èlé ìdá méjìlá, ó di nǹkan bíi 127,500. Páńẹ́ẹ̀lì kan náà, oòrùn kan náà, síbẹ̀ gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Lóòótọ́ ni IRENA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára bíi ti oòrùn àti afẹ́fẹ́, sọ pé iye tí iná oòrùn ń náni kárí ayé já láti nǹkan bíi sẹ́ǹtì 46 lórí kílówáàtì-wákàtí kan ní ọdún 2010 sí sẹ́ǹtì 4.4 ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni. Nínú ìròyìn ọdún 2024 ti IEA, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ agbára, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2 dọ́là ló ń lọ sí agbára tí kì í ba àyíká jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, yàtọ̀ sí Ṣáínà, sì ń rí nǹkan bí ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fi èlé Jámánì ṣírò fún gbogbo ayé, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀.

Atọ́pinpin:
Ti físíìsì tó wà lọ́wọ́ mi dá lórí ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù, ìyẹn kí wọ́n pa inú átọ́ọ̀mù kéékèèké pọ̀ kó lè mú agbára jáde. Wọ́n ní ó ti mú agbára jáde ju èyí tó wọlé lọ. Ṣé olùdókòwò lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Ìmọ́lẹ̀:
Bó bá jẹ́ ti National Ignition Facility, ilé ìwádìí ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù ní California, ni, òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, laser, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an, gbé megajoule 2.05 (megajoule jẹ́ òṣùwọ̀n agbára) dé ara ohun tí wọ́n dojú kọ, megajoule 3.15 sì jáde. Ṣùgbọ́n nǹkan bí megajoule 300 ni ẹ̀rọ laser náà fà láti orí wáyà iná kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣeyọrí físíìsì ni. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ṣì jìnnà sí i. Ẹ fi iye 300 yẹn sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́.