Ọjọ́ tí mo kó password mi kúrò nínú àpótí kan sí òmíràn: ẹ wá sọ tiyín

Aládìrẹ Òkè-Fìà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan níbi ká kó password láti inú áàpù kan bọ́ sí òmíràn, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀, torí tèmi ṣì ń dùn mí.

Inú Chrome orí fóònù mi ni gbogbo ẹ̀ wà láti 2017. Báńkì méjì, ìmeèlì, Instagram tí mo fi ń ta àdìrẹ, owó iná, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 214. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi ìgbà tó yé mi pé ọmọ iṣẹ́ mi mọ PIN tí mo fi ń ṣí fóònù. Òun ló máa ń bá mi gbé àwòrán aṣọ sórí Instagram tí ọwọ́ mi bá wà nínú aró. PIN yẹn náà sì ni Chrome ń bèèrè kó tó fi password han èèyàn. Ọmọ dáadáa ni o, kò mú kọ́bọ̀ mi rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin péré ló wà láàárín òun àti gbogbo ohun tí mo ní. Ni mo bá ní n ó kó o lọ sí Bitwarden, áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú password, tó ní password àgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kíkó yẹn fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Export passwords sí, ẹ tẹ PIN, ó di gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .csv. Chrome tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó bá rí fáìlì náà lè kà á. Mo tẹ ìyẹn kọjá bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Fáìlì yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lára. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni name, url, username, password, note. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣírí yín ló tẹ́ sílẹ̀ bí èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta.

Láptọ́ọ̀pù mi ti kú láti ọjọ́ yìí, mo bá gba kaféè kan lọ lápá Ọláìyá. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe kó tó wọlé." Ó ṣí i nínú Excel, ó yọ àwọn ìlà tí n kò lò mọ́, ó tẹ Save, mo bá wọ inú Bitwarden níbẹ̀, mo kó o sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún fún un lówó mínírà.

Mo délé, báńkì kò ṣí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tì pa. Mo tẹjú mọ́ ọn títí kó tó yé mi: nọ́ńbà fóònù mi ni mo fi ń wọlé síbẹ̀, Excel sì ti jẹ òdo iwájú rẹ̀. 0803 ti di 803. Lójú Excel, nọ́ńbà lásán ni, òdo tó bá ṣáájú nọ́ńbà kò sì já mọ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà mítà iná tó gùn tó 13, ó ti gé e kúrú, ó fi E+12 sí i nídìí. Password kan tí mo fi àmì = bẹ̀rẹ̀ di #NAME?, ó rò pé ìṣirò ni mo ní kó ṣe. Gbogbo ibi tí mo kọ ẹ sí nínú àkíyèsí mi, áº¹ ni mo bá níbẹ̀. Èdè wa kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu rárá.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò tíì pa ti inú Chrome rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tò sí báńkì láti aago mẹ́jọ, ó lé ní aago kan kí wọ́n tó bá mi ṣí i. Orí ìjókòó báńkì yẹn ni mo wà tí mo rántí pé fáìlì náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà kaféè. N kò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà. Mo bá a nínú Downloads, mo pa á rẹ́ níbẹ̀, mo tún pa á rẹ́ nínú Recycle Bin, torí ibẹ̀ ló máa ń sá sí. Ẹnì kan ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde ná. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ni mo lò lẹ́ẹ̀kejì. N kò jẹ́ kí Excel fojú kan fáìlì náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀

Mọ̀mí, ẹ kú ewu. Ṣé ẹ jáde kúrò nínú Bitwarden níbi kaféè yẹn?

Aládìrẹ Òkè-Fìà

Mo jáde, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo pààrọ̀ password àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀

Ẹ ṣe é dáadáa. Tiyín tiẹ̀ sàn ju tèmi lọ. Orí fóònù ni fáìlì tèmi wà, mo fẹ́ kó dé orí kọ̀ǹpútà, okùn kò sí nítòsí. Mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp. Ìka mi yẹ̀, ó bọ́ sínú gúrúùpù ẹbí. Èèyàn 37 ló wà níbẹ̀, títí kan ìyàwó àná àbúrò mi tí ń gbé ní Jámánì.

N kò tètè mọ̀. Bàbá wa àgbà ló pè mí. Wọ́n ní, "Kí ni ìwé gígùn tí o fi ránṣẹ́ yìí? Mo ti ṣí i. Mo rí Facebook, mo rí báńkì. Ṣé kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ni?"

Mo ní, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde o, Bàbá!"

Mo pa á rẹ́ fún gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti tọ́jú u sórí fóònù rẹ̀ ti tọ́jú u ná. N kò fura sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹbí mi ni. Síbẹ̀, fóònù wọn ń sọnù, ọmọ ń gbà á ṣeré. Òru méjì ni mo fi pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ìmeèlì ni mo fi ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń fi ìlànà ránṣẹ́ sí tí èèyàn bá ní òun gbàgbé password. Báńkì ló tẹ̀ lé e. Àwọn ibi tí mo ti ń ka ìròyìn, mo fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó máa bá mi kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí iná ń dà láàmú

Ẹ̀rín pa mí o, Bọ̀dá Tíṣà. Ẹ má bínú.

Firefox ni mo ti kó tèmi, 163. Mo ti jù ú sínú Bitwarden, mo ń dúró kó sọ pé ó ti wọlé, wọ́n mú iná lọ, báńtìrì láptọ́ọ̀pù mi kò sì ń gbé nǹkan kan dúró. Nígbà tí iná dé, mo tún un ṣe. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ti àkọ́kọ́ ti wọlé. Bitwarden kì í wò ó bóyá ohun kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó gba òmíràn, 163 bá di 326. Gbogbo nǹkan ní ìbejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti pa tó ọgọ́rùn-ún kí ọ̀rẹ́ mi tó sọ pé ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n kọ Purge vault sí, pé kí n fọ àpótí náà nù pátá kí n tún un kó lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀?

Ẹ tún rántí sọ fún Firefox tàbí Chrome pé kó má tọ́jú password mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó tán. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, méjèèjì ń jà lójú mi ní gbogbo ibi tí mo bá fẹ́ wọ̀, tí mo bá pààrọ̀ ọ̀kan, èkejì á máa gbé ti àtijọ́ wá.

Nọ́ọ̀sì ọ̀sán

Ní tèmi o, n kò fẹ́ kó lọ síbì kankan. Authenticator ti Microsoft ni mo ń lò. Wọ́n kéde ní 2025 pé kò ní máa tọ́jú password mọ́: ní June, kò gba tuntun mọ́, ní July, kò bá wa kọ ọ́ mọ́, August, ó parí. Mo kó ẹrù mi kí ọjọ́ tó pé.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo rò pé mo ti kó gbogbo ẹ̀ tán. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ń yí padà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí wọ́n máa ń bèèrè lẹ́yìn password, ìyẹn kò bá password wọ inú fáìlì csv. Inú fóònù àtijọ́ ni wọ́n dúró sí. Mo sì ti nu fóònù yẹn mọ́ tónítóní fún àbúrò mi.

Gmail bèèrè nọ́ńbà mẹ́fà, n kò ní. Ohun tó yọ mí ni bébà kan. Google máa ń fún èèyàn ní kóòdù ìdáǹdè mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀ nígbà kan, mo fi wọ́n sáàárín Bíbélì. Ibẹ̀ náà ni mo ti bá wọn. Ojú ewé kan tí mo fi ń ta ọṣẹ dúdú kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ó wà níta títí di òní, àwọn oníbàárà ń kọ̀wé sí i, n kò rí i wọ̀ láti dá wọn lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí iná ń dà láàmú

Passkey náà, èyí tí èèyàn fi ń wọlé láìtẹ password, kì í wọ inú csv, Àǹtí. Ibi tí mo ti ní in, mo ní láti lọ ṣe tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Alékúwodò

Mo ń kà yín. Ìwé pélébé kan ni mo fi ń kọ tèmi, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Méje ni gbogbo password mi. Ìwé mi kò ní Excel tí yóò jẹ òdo.

Aládìrẹ Òkè-Fìà

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Méje yàtọ̀ sí 214 o. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín níbi kan: inú ìwé ni password àgbà tèmi náà wà, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, torí tí mo bá gbàgbé ẹ̀, àwọn tó ni Bitwarden fúnra wọn kò lè bá mi ṣí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan ni. N kò fi àmì sí i lórí tàbí nísàlẹ̀, torí kí n má lọ bá kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹ níbi tí mo ti fẹ́ wọlé.

Bàbá, tí òjò bá wọ inú ilé ńkọ́?

Bàbá Alékúwodò

Ó wọ̀ ọ́ ní ọdún tó kọjá. Mo sá a gbẹ.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀

Ẹni tó bá fi tirẹ̀ gba Google Drive kọjá, kó wo inú Trash ibẹ̀ náà. 30 ọjọ́ ló máa ń lò kó tó kúrò fúnra rẹ̀.

Onífọ́tò

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti kó tèmi láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, wẹ́rẹ́ báyìí, kò yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí n kàn yọjú wo Downloads orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, èyí tí àwọn oníbàárà fi ń yan fọ́tò.

Méjì ni mo bá.