Bíríkì pupa nílẹ̀ ilé ìdáná: ta ló ti lò ó rí?

Ìyá Alákàrà, Ògo-Olúwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ilẹ̀ ilé ìdáná wa ni mo fẹ́ tún ṣe. Táìlì tó wà níbẹ̀ ti là yánnayànna níbi tí a máa ń gbé odó sí, torí bàbá ilé wa ò fẹ́ràn iyán ẹlẹ́bù, kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tí omi bá tún dà sí i, ńṣe la máa ń yọ̀ kiri. Àbúrò ọkọ mi wá ní kí n fi bíríkì pupa tẹ́ ẹ, pé ó máa ń tutù lẹ́sẹ̀, kì í sì í yọ̀. Ẹ̀rù epo ló ń bà mí. Èmi tí mo ń dín àkàrà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé! Ṣé ó ṣeé fọ̀? Ẹ má ní kí n lọ bi bíríkìlà o. Èyí tí mo bi kò tíì gbọ́ ìbéèrè tán tó fi ń sọ iye owó.

Bíríkìlà Òkè-Baálẹ̀:
Màmá, gbogbo wa kọ́ la rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Níbi odó, bíríkì dáa ju táìlì lọ. Táìlì tínrín, tí sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ ò bá sì kún dáadáa níbì kan, ibẹ̀ gan-an ló máa là. Bíríkì odindi nípọn tó 65 mm. Àmọ́ nínípọn yẹn náà ni wàhálà: tí ẹ bá ka yanrìn àti sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ ilé ìdáná á ga ju ti pálọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí àfi tí káfíńtà bá gé e nídìí. Kábíìnẹ́ẹ̀tì náà á dà bíi pé ó rì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Amọ̀ sísun ni bíríkì, ihò wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó máa mu epo yín dáadáa. Ẹ mú méjì, ẹ fi ọ̀kan lu èkejì. Èyí tó bá dún gooro ló jiná. Èyí tó bá dún gbì, ẹ má rà á. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní engineering brick: Class A kì í mu omi ju ìdá 4.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ, Class B ò ju ìdá 7 lọ. Ẹ má retí ìyẹn lára èyí tí wọ́n fi igi sun nínú oko.

Ẹ gbọ́dọ̀ fi sealer (oje tí kì í jẹ́ kí epo àti omi tètè wọlé) kùn ún, èyí tó ń wọ inú bíríkì lọ, kì í ṣe èyí tó ń dán lójú. Kí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì dí àlàfo àárín rẹ̀, torí omi sìmẹ́ǹtì tó bá ti wọ ojú bíríkì, ọjọ́ pẹ́ kó tó jáde. Tí sìmẹ́ǹtì náà bá ti gbẹ dénú, kí wọ́n tún fi sealer kùn ún. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣe é nínú òjò, owó ló ń wá.

Àdùkẹ́ Òkè-Fíà:
Ó wà nílé wa. Òótọ́ ni, ó tutù, kì í sì í yọ̀. Ohun tí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán ò sọ ni gbígbá ilẹ̀. Gààrí, ìyẹ̀fun, egungun ẹja, inú àlàfo yẹn ni gbogbo wọn ń sùn, èèrà á sì wá kí wọn. Àwo tó bá bọ́, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Àga onígi ò dúró gbọn-in lórí ẹ rárá. Ẹsẹ̀ sì máa ń dun èèyàn tó bá dúró pẹ́.

Tí epo bá dà, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ lọ ẹfun kúnná, ẹ bù ú lé e kó sùn síbẹ̀, ó máa fa púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lójú bíríkì, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni. Omi ló ń fa iyọ̀ náà jáde láti inú, tí ẹ bá tún bu omi sí i, á padà wá.

Dàpọ̀:
Kí ló dé tí ẹ ò gbé odó síta?

Ìyá Alákàrà, Ògo-Olúwa:
Dàpọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ò ní òrùlé, ṣé abẹ́ òjò ni kí wọ́n ti máa gúnyán? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín là mí lójú. Fàráǹdà ẹ̀yìn ni màá fi bíríkì tẹ́, kí odó àti agbada àkàrà lọ síbẹ̀. Táìlì tí ojú rẹ̀ le, tí kì í yọ̀, ni màá fi sínú ilé. Bàbá Bíríkìlà, ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú, 8 lóròó ni fàráǹdà náà. Bíríkì mélòó ni?

Bíríkìlà Òkè-Baálẹ̀:
Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tó jẹ́ èyí tí gígùn rẹ̀ tó 215 mm, bíi 40 ló ń wọ mítà kan níbùú àti lóròó. Tiyín tó bí irú mítà bẹ́ẹ̀ 4.5, 180 ni. Ẹ ra 200, torí èyí tó máa fọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ó dà díẹ̀ sí apá ìta, kí omi lè máa ṣàn lọ. Ẹ má sì tíì sanwó fún bíríkìlà tó ń sọ iye owó yẹn o.