Inú ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́: ibo ni kí kíṣìnì wà, kọ́lọ̀ wo la máa kùn ún?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi tó wà ní Birmingham ti ra narrowboat, ọkọ̀ ojú omi onírin tí wọ́n máa ń gbé inú ẹ̀ lórí canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, níbẹ̀, torí owó ilé ti kọjá agbára, èmi àtàwọn ìbejì sì máa lọ bá a tí físà bá ti jáde. Inú ẹ̀ ṣófo báyìí, ó wá ní èmi tí mo máa dáná níbẹ̀ ni kí n sọ bó ṣe máa rí. Gígùn ẹ̀ jẹ́ fíìtì 57, fífẹ̀ ẹ̀ níta fíìtì 6 àti ínṣì 10, ṣùgbọ́n tó bá di inú, bíi fíìtì 6 ló kù. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni. Lánàá mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fà á sílẹ̀ nínú kọ́ńpáùndì wa, mo to àga sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání mo ń rìn bọ̀, Taye náà ń bọ̀ látòdìkejì, a ò lè kọjá lára ara wa, àfi ìgbà tí ọmọ padà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí kíṣìnì wà níwájú ni àbí lẹ́yìn? Ṣé kí n kùn ún ní kọ́lọ̀ wáìnì tí mo fẹ́ràn àbí funfun tí ọkọ mi ń sọ? Bàbá Ìbejì ga tó fíìtì 6 àti ínṣì 2 o.

Brọ̀dá Gwarinpa
Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Mo gbé inú irú ẹ̀ fún ọdún méjì kí n tó padà wá sí Abuja. Ṣọ́ọ̀kì yẹn dáa gan-an, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ìdí tó fi tín-ín-rín ni pé lock, ibi tí ọkọ̀ ń gbà gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lórí omi, púpọ̀ nínú wọn ò fẹ̀ ju bíi fíìtì 7 lọ, ó sì ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kọ́ wọn.

Ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ má gbà kí wọ́n gbé e dábùú, ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì á máa kan ògiri láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ jẹ́ kó bá gígùn ọkọ̀ lọ, fífẹ̀ fíìtì 4, fíìtì 2 á kù fún ọ̀nà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà, àwọn kan máa ń jẹ́ kó gba gbogbo ìbú ọkọ̀, ó ń fẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọlé ti ti ọ̀nà pa nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ọmọ méjì, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kíṣìnì, ẹ̀yìn ni kó wà, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ máa ń gbà wọlé, èéfín dòdò á tètè jáde, ẹ ò sì ní máa gbé ọjà kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì. Pálọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú sítóòfù onígi, tábìlì tó máa ń di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ fáwọn ìbejì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí yàrá yín wà níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì á jìnnà sí yín.

Káfíńtà Dei-Dei
Mi ò wọ irú ọkọ̀ yẹn rí, ṣùgbọ́n mo ti ṣe inú kọ̀ǹténà 40 fíìtì fún ẹnì kan ní Lugbe, ìyẹn pàápàá fẹ̀ ju fíìtì 7 àbọ̀ lọ, a ṣì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá nǹkan. Àǹtí, ilẹ̀kùn tó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, ilẹ̀kùn tó ń ṣí wá síta á jẹ ọ̀nà yín. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ àga, abẹ́ àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ di dùrọ́ọ̀. Brọ̀dá Gwarinpa, mo fẹ́ bèèrè, tí ẹrù bá pọ̀ sápá kan ńkọ́?

Brọ̀dá Gwarinpa
Á fì ni! Kíṣìnì àti fíríìjì sápá ọ̀tún, ẹ wá gbé sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sí òsì. Tó bá ṣì fì, wọ́n á sún bíríkì tí wọ́n tò sábẹ́ ilẹ̀pákó kí ọkọ̀ lè dúró déédéé. Ògiri ẹ̀ náà máa ń tẹ̀ wọnú tó bá ń lọ sókè, kí kafíńtà ibẹ̀ wọn òkè wọn ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín olóró carbon monoxide bá wà, dandan ni, látọdún 2019 ni wọ́n ti fi sófin ọkọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yín, kẹ́ ẹ fi pákó tó ní àlàfo ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí atẹ́gùn ráyè wọ abẹ́ mátíráàsì, torí irin tútù máa ń làágùn, ti tèmi bu lábẹ́ kí n tó mọ̀.

Àǹtí Ọlọ́dà Wuse
Ẹ jẹ́ n sọ ti kọ́lọ̀. Wáìnì dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kùn ún dókè, á gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, nígbà òtútù níbẹ̀ ilẹ̀ sì máa ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kíríìmù ni kẹ́ ẹ kùn sí àjà àti ògiri láti ojú fèrèsé lọ sókè, kẹ́ ẹ wá fi wáìnì sísàlẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ máa ń dọ̀tí. Funfun báláú ò ní pẹ́ fi ìdọ̀tí hàn. Ẹ kun pákó kékeré méjì, ẹ gbé e sí kọ́rídọ̀ yín lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná nírọ̀lẹ́, ẹ wò ó. Ará ibẹ̀ gan-an fẹ́ràn kọ́lọ̀, òdòdó róòsì àti ilé ọba ni wọ́n máa ń yà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti ayé àtijọ́.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tún ṣọ́ọ̀kì náà fà láàárọ̀ yìí, kíṣìnì lẹ́yìn, fíìtì 2 fún ọ̀nà, Taye dúró sí ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì máa wà, Kẹ́hìndé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìfara kàn án. Mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá wọn. Ó ti gbà sí ti kíṣìnì, ó ku ti wáìnì.