Báwo ni a ṣe ń pín “otorhinolaryngology” sí sílébù, báwo ni a sì ṣe ń pè é?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó ka iṣẹ́ ìwádìí mi sókè níwájú àwọn olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ti dé “laryn”, ahọ́n mi á kọ́. Sílébù mélòó ni ó ní, èwo ni a ó fi agbára pè jù, ṣé a sì ń pe “h” inú rẹ̀?

Olùkọ́ Èdè:
Odo sílébù, ìyẹn ìró fáwẹ̀lì tí ó jẹ́ òpó sílébù kọ̀ọ̀kan, ni kí o kà, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà 19 ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sílébù 9 péré ni: o-to-rhi-no-la-ryn-go-lo-gy. Fáwẹ̀lì ni ó parí gbogbo wọn bíi ti Yorùbá, àfi “ryn” tí ìró aránmú parí. Lójú tèmi, ó rọ ahọ́n wa lọ́rùn ju “strength” lọ, tí ó jẹ́ sílébù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta dì mọ́ra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kì í pe “h” yẹn. Sílébù keje ni a ń fi agbára pè jù: o-to-rai-no-la-rin-GỌ́-lọ-ji.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:
Ọmọ mi, oríkèé ọ̀rọ̀ náà ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti wá: “oto” ni etí, “rhino” ni imú, “laryngo” ni gògóńgò, “logy” sì ni ẹ̀kọ́ nípa wọn. Dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo gbà pé “g” ni ó ń dá ọ dúró, nítorí “laryngitis” tí a máa ń gbọ́ ní wọ́ọ̀dù, bíi “j” ni “g” tirẹ̀ ń dún, torí “i” tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, “o” ni ó tẹ̀ lé e, nítorí náà “ńg” inú “gògóńgò” gan-an ni kí o pè níbẹ̀. “G” tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó ń di “j”.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀-èdè mi pín in sí “lar-yn”, kò sì gé “o” àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Olùkọ́ Èdè:
Ibi tí òǹtẹ̀wé ti lè gé ọ̀rọ̀ sí ìlà kejì ni ìyẹn ń tọ́ka sí, wọn kì í sì í fẹ́ fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìparí ìlà. Àmì ìpè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí o wò fún kíkà sókè. Ìlà kékeré tí ó ga sókè níwájú “gol” ni ó ń fi ibi agbára hàn.