Irun mi tó pọ́n bí ọsàn ti bọ̀ sípò

Ẹ ṣé gan-an tí ẹ dúró tì mí nígbà tí mo béèrè ohun tí mo lè ṣe sí irun mi. Irun tí mo fọwọ́ ara mi dáì nílé, tí ìdí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì dúdú, ti dára báyìí.

Ìdí irun ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ooru awọ orí máa ń jẹ́ kí búlíìsì (kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀ irun) tètè jà níbẹ̀. Dáì tí mo tún fi lé e kò sì lè bó èyí tó ti wà nínú irun tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má fi búlíìsì kàn án mọ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kọndíṣọ́nà nìkan ni mo ń lò. Lẹ́yìn náà ni mo ra tónà (èròjà tó ń tún àwọ̀ irun ṣe) aláwọ̀ búlúù, torí búlúù ló ń pa àwọ̀ ọsàn (elésè àlùkò ni ti yẹ́lò). Mo dán an wò lára ìdì irun tínńtín kan lẹ́yìn etí. Mo dúró níwájú dígí, mo ń wò ó: pípọ́n náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di búráùn. Omijé bọ́ lójú mi.

Ṣóńṣó tó ti ń já, mo gé e. Ó dùn mí, àmọ́ irun tó ti jóná kì í sàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti parí.