Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwòrán òṣùpá Enceladus yìí

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń kó àwọn àwòrán tí Cassini, ọkọ̀ òfuurufú tí kò lèèyàn nínú, yà nígbà tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Saturn po, láti 2004 di oṣù Kẹsàn-án 2017, sórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn òṣùpá oníyìnyín tí Saturn ní ló gbà mí lọ́kàn. Mimas ní kòtò kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 130 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ òṣùpá ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò fẹ̀ tó 400. Ṣùgbọ́n Enceladus lọ̀gá: omi dídì ń tú jáde bí èéfín láti inú àwọn ìlà gígùn tó wà ní gúúsù rẹ̀!

Ìṣòro mi rèé. Dúdú àti funfun ni kámẹ́rà yẹn ń yà. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ á mú mẹ́ta tí wọ́n yà gba inú gíláàsì pupa, ti aláwọ̀ ewé àti ti búlúù, á wá kó wọn léra. Mo ṣe é nínú GIMP, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, àmọ́ ọkọ̀ náà ò dúró sójú kan, nítorí náà etí òṣùpá ń yọ pupa lápá kan, búlúù lápá kejì. Mo sún un títí, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ta ló mọ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè bára mu láì fọwọ́ sún un? Àwọn àmì funfun tín-tìn-tín tí ìtànṣán òfuurufú fi sójú àwòrán ńkọ́, ṣé kí n pa wọ́n rẹ́? Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá fún ọmọ àbúrò mi. Kọ̀ǹpútà mi ò lágbára púpọ̀ o.